Pọ́ǹpù Gírísì: Ẹnu Rẹ̀ Ni Ká Máa Kà, Kì í Ṣe Géèjì Afẹ́fẹ́

Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú pọ́ǹpù gírísì kò ju èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Kílò 7 ni, bóyá 8, bí àwọn tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá títì ṣe máa ń pè é. Ṣùgbọ́n gírísì tó ń jáde lẹ́nu ìbọn gírísì tó wà ní ìdí hóòsì rẹ̀ kì í ṣe kílò 7. Bí pọ́ǹpù náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ 50:1 sí lára, ìlọ́po 50 afẹ́fẹ́ tó wọlé ni yóò máa jáde: kílò 350. Gírísì tó bá jáde lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ á la awọ ọwọ́ èèyàn kọjá wọnú ẹran ara, ojú ibi tó gbà wọlé kò sì ní ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nítorí kílò 350 yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo pọ́ǹpù yìí lójoojúmọ́ ló mọ kílò 7 dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé èkejì fún wọn.

Ìgólò, ní kọ́múùnù Ìfọ̀nyìn, ẹkùn Plateau ní Benin, kò lè ṣe kó má nílò gírísì. Ìdí-Ìrókò, ní Nàìjíríà, ló wà lódìkejì ẹnubodè. Láti Ìgólò, ọ̀nà kan lọ sí Àjàṣẹ́, òmíràn gba Sakété lọ sí Pọ́bẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ru ẹrù gba ibẹ̀ kọjá, ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ erùpẹ̀ pupa lọ́gbẹlẹ̀, ó ń mu ẹrọ̀fọ̀ lójò, erùpẹ̀ àti omi yìí ni gírísì ń lé jáde. Gbogbo agbègbè náà tún jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún epo àti èyí tó ń pa èkùrọ́ sì wà káàkiri. Ní Onigbolo, níhìn-ín náà ní ẹkùn Plateau, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ fi owó dá sílẹ̀. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù tó jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù ló ń fi gírísì ránṣẹ́ sí eyín jíà ńlá tó ń yí ààrò. Pọ́ǹpù tó wà ní ilé iṣẹ́ ńlá àti èyí tó wà lábẹ́ páànù mẹkáníìkì ní ẹ̀bá títì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹni tó ń mójú tó ààbò, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì sì gbọ́dọ̀ mójú tó o fúnra rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Lórí pọ́ǹpù náà, písítìnì ńlá kan wà tí afẹ́fẹ́ ń tì lọ tì bọ̀. Ọ̀pá irin kan so ó mọ́ písítìnì kékeré tó wà nísàlẹ̀, nínú gírísì gan-an. Bí ojú písítìnì òkè bá fi ìlọ́po 50 tóbi ju ti ìsàlẹ̀, gbogbo agbára tí afẹ́fẹ́ fi tì í lókè ni yóò kóra jọ sí ojú kékeré yẹn. Bí ẹni tó di ìbọn mú bá jọ̀wọ́ ọwọ́, gírísì ò ríbi gbà mọ́, agbára òkè àti ti ìsàlẹ̀ á dọ́gba, pọ́ǹpù á dúró fúnra rẹ̀. Ìdúró yìí ló ń tan èèyàn jẹ. Pọ́ǹpù tó dákẹ́ kò tíì sinmi. Fáàfù kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gírísì padà sẹ́yìn. Fáàfù yẹn ló di agbára yìí, tí à ń pè ní ìfúnpá, mú sínú hóòsì, ó sì lè dì í mú pẹ́ títí lẹ́yìn tí wọ́n ti pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tí kálukú ti lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹnubodè tún fi ìṣòro kan kún un. Pọ́ǹpù tí wọ́n rà ní Kútọnu, báà ni wọ́n sábà fi ń ka géèjì rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní kílò. Èyí tó wá láti Èkó tàbí Ṣagámù, psi ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Báà kan tó nǹkan bí psi 14.5. Nítorí náà, 100 tó wà lójú géèjì psi àti kílò 7 jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n 100 tó wà lójú géèjì báà kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀bá títì lè ṣe. Ibi tí ewu wà gan-an ni hóòsì. Hóòsì tí wọ́n kọ 400 báà sí lára lè ru kílò 350. Hóòsì tí wọ́n kọ 400 psi sí lára kò lè ru ju nǹkan bí kílò 27 lọ. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n lè ní, kí wọ́n sì nípọn bákan náà, kí wọ́n so mọ́ra wọn pẹ̀lú nọ́ọ̀tù kan náà. Ẹni tó bá fi ojú lásán ra hóòsì ti fi ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara hóòsì, ẹ ka èyí tí wọ́n kọ sí orí ìbọn, sí orí ìdè tó so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá fi èyí tó kéré jù nínú wọn ṣe òṣùwọ̀n gbogbo rẹ̀. Bí ibi tó ṣe aláìlágbára jù kò bá lè ju kílò 250 lọ, afẹ́fẹ́ tó máa wọ pọ́ǹpù 50:1 kò gbọ́dọ̀ ju kílò 5 lọ. Ìṣirò tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹ̀rọ alágbèéká tó wà nínú àpò gbogbo èèyàn sì lè ṣe é.

Tó bá di ti gbígbé e kalẹ̀, ibi tí yóò jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Dúrọ́ọ̀mù gírísì tó kún, kílógíráàmù 180 ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kékeré máa ń gba kílógíráàmù 16 sí 18. Dúrọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tó dagun, nítorí pọ́ǹpù tó ń lù sókè lù sódò lè fi díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ṣubú. Sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ló dára jù. Kí ó wà lábẹ́ òjìji, kó jìnnà sí ibi tí àwọn jórinjórin ti ń jó irin. Ní Ìgólò, ohun kan tún wà tí ìwé ìlànà pọ́ǹpù kò ní dárúkọ: kpayo. Epo bẹntiróòlù tó wà nínú ìgò àti bídọ́ọ̀nù lẹ́bàá títì kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ sí ìgò kpayo kankan nítòsí pọ́ǹpù, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, tàbí waya iná tó ń bọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà.

Ìdérí pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ bá ẹnu dúrọ́ọ̀mù mu, kí wọ́n sì fi bóòtù dè é. Nínú dúrọ́ọ̀mù, pẹrẹsẹ irin kan wà tó ní rọ́bà yíká etí rẹ̀, tó máa ń jókòó sórí gírísì tí yóò máa bá a sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ó ṣòro láti tẹ̀ wọlé. Wọ́n ń ṣe ara wọn ni. Gírísì kì í ṣàn bí omi. Bí pọ́ǹpù bá fa ti àárín tán, kòtò á kù síbẹ̀, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, á sì máa lù kíkankíkan láìsí ohun tó ń gbé jáde. Pọ́ǹpù tó ń lù lófo ń jẹ sílì rẹ̀ tán ni. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ pẹrẹsẹ náà wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi pátákó tẹ́ ojú gírísì náà pẹrẹsẹ, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pẹrẹsẹ náà ní etí, títí gírísì díẹ̀ yóò fi yọ lójú ihò àárín. Nígbà náà ni ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti jáde lábẹ́ rẹ̀.

Níhà afẹ́fẹ́, nǹkan mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ wọ́n láàárín kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti pọ́ǹpù: asẹ́ tó ń gba omi àti ìdọ̀tí, ohun tí à ń yí láti dín afẹ́fẹ́ kù pẹ̀lú géèjì rẹ̀, àti fáàfù tí ọwọ́ lè tó kíákíá. Fáàfù yẹn kì í ṣe irú èyíkéyìí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá tì í, yóò tú afẹ́fẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ dà nù. Fáàfù omi lásán kò lè ṣe èyí. Yóò ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ti kọjá á ṣì wà lórí písítìnì, pọ́ǹpù sì lè lù lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí. Àwọn pọ́ǹpù kan ń fẹ́ kí òróró díẹ̀ máa bá afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ rárá; ìwé tó bá a wá nìkan ló lè sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lágbègbè wa. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa tutù, ó rin, bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá sì fún un pọ̀, omi á kó jọ sí ìdí táńkì rẹ̀. Ìdí táńkì ní kọ́kọ́rọ́ tí à ń ṣí láti da omi yẹn nù. Láràárọ̀ ni ká máa ṣí i. Lákòókò òjò, bí iṣẹ́ bá pọ̀, kí á tún ṣí i lọ́sàn-án. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi omi ránṣẹ́ sínú pọ́ǹpù tó rà lówó gọbọi. Lọ́gbẹlẹ̀, ìyẹn nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, asẹ́ á sì dí kíákíá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà de ibi tí hóòsì ti já tàbí kó fi rọ́bà wé e. Hóòsì gírísì tó ti ní ìlà, tó ti wú níbì kan, tàbí tí irin inú rẹ̀ ti hàn síta, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pé, má ṣe fi kílò 7 bẹ̀rẹ̀. Fi kílò 2 bẹ̀rẹ̀. Ki ẹnu ìbọn bọ garawa irin, tẹ ìbọn, kí o máa wò ó. Gírísì á kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ariwo àti ìtutọ́, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú hóòsì. Nígbà tó bá ti ń jáde geere láìdáwọ́ dúró, jọ̀wọ́ ìbọn, kí o wo gbogbo ìdè. Nígbà náà ni wàá máa gbé afẹ́fẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí iṣẹ́ náà nílò, kì í ṣe dé ibi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè dé. Bí o bá ń wá ibi tó ń jò, páálí tàbí pátákó ni kí o gbé síwájú rẹ̀. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ láéláé, ìbọ̀wọ́ aláwọ kò sì lè gba ọwọ́ là.

Ẹni tó ń fún ọkọ̀ ní gírísì máa ń bá nípùlù pàdé lábẹ́ ọkọ̀ níbi púpọ̀: ìdí ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ìdè pùròpẹ́là, pínì sípíríìnì. Oscar Zerk, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1929 lórí irú nípùlù tí a ń lò títí dòní, bọ́ọ̀lù kékeré àti sípíríìnì inú rẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí gírísì padà jáde. Bọ́ọ̀lù yẹn náà ni ìdọ̀tí máa ń há sí. Nítorí náà, nu nípùlù kí o tó gbé ìbọn lé e. Bí o kò bá nù ún, erùpẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ni wàá fi kílò 350 gbá wọnú bíárìn, ìyẹn sì burú ju kí o má fún un ní gírísì rárá lọ. Gbé ẹnu ìbọn lé e gan-an ní tààrà, tẹ díẹ̀, dúró, wò ó. Bí gírísì tuntun bá ti yọ létí, ó tó.

Nígbà mìíràn nípùlù á kọ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ṣe nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè lóṣù Kẹjọ 2019, tí Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù Kẹrin 2022. Gírísì àtijọ́ ti le bí ọṣẹ sí ojú ihò. Àṣà tó gbòde ni pé kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ sókè, kí wọ́n máa tẹ ìbọn, kí ẹnìkan tún fi ọwọ́ di ẹnu rẹ̀ mọ́ nípùlù kó má bàa yọ. Mo bẹ gbogbo ọ̀gá tó bá ń ka èyí: ẹ fòpin sí àṣà yìí níbi iṣẹ́ yín. Ọwọ́ tó di ẹnu ìbọn mú ni gírísì yóò kọ́kọ́ bá nígbà tó bá yọ. Nípùlù tó bá kọ̀, pa afẹ́fẹ́, tú ìfúnpá sílẹ̀, yọ nípùlù náà kúrò pẹ̀lú sípánà, fọ ihò rẹ̀, fi tuntun sí i. Owó nípùlù tuntun kò tó nǹkan.

Àṣejù wà nínú fífún ẹ̀rọ ní gírísì pẹ̀lú, pàápàá fún bíárìn tó ń yí kíákíá nínú mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ èkùrọ́ tàbí ẹ̀rọ gààrí. Àwọn tó ń ṣe bíárìn ní ìṣirò kan: fi ìwọ̀n fífẹ̀ ìta bíárìn ní mílímítà sọ nínípọn rẹ̀ di púpọ̀, kí o tún fi 0.005 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni gíráámù gírísì tí à ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Bíárìn 6310 fẹ̀ tó mílímítà 110, ó sì nípọn tó 27. Ìyẹn fún wa ní gíráámù 15, ó dín díẹ̀. Láti mọ iye tí ìbọn yín ń gbé jáde, ẹ gbé páálí sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ ìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá. Pọ́ǹpù alágbára tí wọ́n tẹ̀ láìka iye lè ti sílì bíárìn náà jáde, gírísì tó pọ̀ jù nínú bíárìn sì máa ń gbóná, á sì yọ́ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀rọ tó bá ń fún epo pupa tí à ń jẹ tún ní òfin tirẹ̀: gírísì tó lè kan oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ H1 sí lára rẹ̀. Gírísì ọkọ̀ kò ní ibi tó yẹ kó gbà débi epo.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí á da gírísì tuntun lé ti àtijọ́ láì wo irú tó jẹ́. Gírísì jẹ́ òróró tí wọ́n fi ohun kan mú nípọn, ohun tó mú un nípọn ló sì fi ìyàtọ̀ sí wọn: lítíọ́mù ló wọ́pọ̀ jù, kálísíọ́mù wà, èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe pẹ̀lú wà. Bí irú méjì tí kò bá ara wọn mu bá pàdé, wọ́n lè yọ́ di omi, wọ́n sì tún lè le. Àwọ̀ kò lè fi hàn yín. Pupa, búlúù, ofeefee, àmì tí oníṣòwò yàn fúnra rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nọ́mbà tó wà lára dúrọ́ọ̀mù ló sọ bó ṣe nípọn tó: láti 000 tó rọ̀ jù títí dé 6 tó le jù. Nọ́mbà 2 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ń lò, òun náà sì ni pọ́ǹpù wa sábà máa ń gbé.

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìfúnpá tó ń kù nínú pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń tú u sílẹ̀, torí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ ni: nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ pàrọ̀ dúrọ́ọ̀mù, tún hóòsì so, tàbí kúrò nídìí pọ́ǹpù. Ẹ ti fáàfù afẹ́fẹ́, kí ẹ gbọ́ kí afẹ́fẹ́ tó kù pariwo jáde. Ẹ fi irin ìbọn kan etí garawa irin, ẹ tẹ ìbọn títí gírísì kò fi jáde mọ́. Bí pọ́ǹpù bá ní fáàfù ìtúsílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gírísì, ẹ ṣí i pẹ̀lú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ẹ ó fi tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu ìbọn bá dí, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ìfúnpá ṣì wà, ẹ fi akísà bo ìdè hóòsì, ẹ gbé ojú kúrò ní ọ̀kánkán rẹ̀, ẹ fi sípánà tú u díẹ̀ gan-an, ẹ dúró, kí ẹ tó tú u tán. Ìgbésẹ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ jàǹbá pọ́ǹpù máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ń tún un ṣe, torí pé ó rò pé pọ́ǹpù tó dákẹ́ ti kú.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á dúró, ọmọ iṣẹ́ á gbé ìbọn sílẹ̀, á jókòó. Nígbà tí iná bá dé, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, pọ́ǹpù tí wọ́n kò ti fáàfù rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bí iná bá ti lọ, ti fáàfù, pa ohun tí à ń tẹ̀ lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kí ó jẹ́ òfin.

Ìtọ́jú tó kù kò pọ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ tẹ bóòtù ìdérí wò, ẹ fi ọwọ́ gba ara hóòsì láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ìfúnpá sílẹ̀. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá ń lù láìgbé gírísì jáde, dúrọ́ọ̀mù ti tán tàbí kòtò wà nínú rẹ̀, tàbí kí ìdọ̀tí há sẹ́nu fáàfù ìsàlẹ̀. Bó bá ń lù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó tẹ ìbọn, nǹkan ń jò, ẹ wá a. Bí gírísì bá ń bá afẹ́fẹ́ jáde níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lókè, sílì àárín ti jẹ, kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí á ra sílì tuntun lọ. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ inú pọ́ǹpù láéláé. Kẹrosíìnì tó jìnnà sí iná, ó tó. Àwọn èròjà ìfọ̀ kan tún wà tí wọ́n ní kíloríìnì nínú, tí àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù ti kìlọ̀ nípa wọn gidigidi, nítorí pé bí wọ́n bá pàdé alumíníọ́mù tó wà nínú pọ́ǹpù lábẹ́ ìfúnpá, wọ́n lè bú gbàmù.

Mo wá dé ibi tó ká mi lára jù. Láti ọdún 1937 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń kọ̀wé nípa epo tó bá ìfúnpá wọ ọwọ́ èèyàn. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006, tó wo ìṣẹ̀lẹ̀ 435 nípa irú ọgbẹ́ yìí ní ọwọ́, rí i pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló parí sí gígé ìka tàbí ọwọ́. Kì í ṣe pé ọgbẹ́ náà tóbi. Ó kéré ni, ìyẹn gan-an ló burú. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè rí ihò bíńtín, ó sì lè má dùn ún jù ní wákàtí àkọ́kọ́. Á nu ọwọ́, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, gírísì ti tẹ̀lé ojú iṣan lọ sókè ọwọ́, ó ń di ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ó ń pa ẹran ara. Nígbà tí ìka bá fi wú, tó dúdú, wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ ti kọjá. Iṣẹ́ abẹ lásìkò, láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ni ìrètí rẹ̀.

Nítorí náà, bí gírísì bá bá ẹnìkan nínú yín, ẹ má ṣe fún ojú ọgbẹ́ náà, ẹ má fi abẹ fá a, ẹ má fi omi gbígbóná sí i, ẹ má dúró de àgbo tàbí kí ó di ọ̀la. Ẹ yọ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bo ojú ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹun, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá fẹ́ fi pílásítà bò ó kó sì ní kí ẹ máa lọ, ẹ kọ̀. Ẹ sọ fún un ní Faransé pé injection de graisse sous haute pression ni, kí ẹ sì sọ kílò tí pọ́ǹpù náà wà lórí rẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹni tó bá a lọ gé ìwé tó wà lára dúrọ́ọ̀mù gírísì náà dání, kó fi han dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ.